Ìdérí Ọ́ìlì Bíréèkì

Mẹkáníìkì kan láti Ailegun tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Tíṣà físíìsì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ́ìlì ọkọ̀ ní Bọ́ládé. Ó wá sọ lójú àwọn oníbàárà mi pé, "Mọ́mì Tíṣà, ẹ lọ kọ́ ọmọ ní ABD jàre! Kí lẹ mọ̀ nípa bíréèkì?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò gbàgbé.

Ọ́ìlì bíréèkì tó lè fara da ooru jù lọ nìkan ló máa ń rà. Ní ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi, mo máa ń rí i tó ń fi àtàǹpàkò yẹ ìdérí wò. Á ní, "Èyí tí wọ́n bá ti ṣí ti fa omi mọ́ra. Tó bá gbóná, á hó, bíréèkì ò ní mú mọ́."

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, ó wá ra ọ́ìlì lọ́wọ́ mi; èyí tí mo ti ṣí láti ìgbà òjò ni mo gbé fún un. Mo sọ fún ara mi pé á rí i pé wọ́n ti ṣí i, ojú á kàn tì í díẹ̀ ni. Ó jù ú sínú báàgì.

Nínú ìdíje náà, bíréèkì kọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán. Mo lọ bá a nílé ní Ìsọlọ̀, mo jẹ́wọ́. Ó ní:

"Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń yẹ ìdérí wò, Mọ́mì. Tiyín nìkan ni mi ò kì í yẹ̀ wò."