Bàbá Kí-Nìdí àti Kọ́bọ́ọ̀dù Onírin

Ohun tí aráyé ń sọ kiri ni pé olóògbé Bàbá Kí-Nìdí fi òòlù fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìfọṣọ. Irọ́ gbuu ni. Bàbá yẹn kò lè kan ìṣó kan ṣoṣo kó má fi òòlù lu àtàǹpàkò ara rẹ̀. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Aláyọ́ọ̀nù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Òun ló gbé ìkòkò lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì ni Aláyọ́ọ̀nù ń lọ, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, lórí ìdúró, nínú ooru tó ń mú ògiri làágùn. Òun àti ogójì èèyàn mìíràn ló wá láti ìlú òkèèrè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni ọ̀gá ti gba ìwé ìrìnnà gbogbo wọn, ó tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó janpata, àfìgbà tí ìròyìn dé láti ilé pé ìyá Aláyọ́ọ̀nù dùbúlẹ̀ àìsàn, orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń pè. Aláyọ́ọ̀nù bẹ ọ̀gá kó fún òun níwèé òun. Ọ̀gá ní kó dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá dín kù. Aláyọ́ọ̀nù padà sídìí iṣẹ́, ó ń sunkún sórí aṣọ, ó sì ń fi áyọ́ọ̀nù lọ omijé náà gbẹ.

Ẹni tó ń bá a ká aṣọ ló mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kí-Nìdí. Àlejò ni bàbá náà fúnra rẹ̀ nílùú yẹn. Bíríkìlà ni tẹ́lẹ̀ kó tó dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti òkèèrè sílẹ̀, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀. Àwọn olórí ẹgbẹ́ yòókù a máa pariwo, wọ́n a máa fi ọwọ́ gbá tábìlì. Tiẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìbéèrè ni tiẹ̀, àti sùúrù láti dúró gbọ́ èsì.

Ó tẹ̀ lé Aláyọ́ọ̀nù dé ọ́fíìsì, ó kí ọ̀gá tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó wá béèrè kí nìdí tí ìwé àwọn èèyàn wọ̀nyí fi wà nínú àpótí ẹlòmíràn. Ọ̀gá ní ohun iyebíye kì í pẹ́ sọnù lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé yàrá pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà. Bàbá Kí-Nìdí mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìwàásù.

“Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣé ìwé nìkan lẹ lè bá wọn tọ́jú, àbí gbogbo ohun iyebíye wọn?”

Ọ̀gá fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní olóore. Ó ní ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á.

Lọ́jọ́ kejì, lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, èèyàn mọ́kànlélógójì tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Aláyọ́ọ̀nù gbé ìkòkò tí ìyá àgbà rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Awakọ̀ yí táyà wọlé. Ẹni tó ń ká aṣọ ru fóòmù tó ń sùn lé. Bàbá arúgbó tó ń fọ aṣọ gbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú ife omi, ó ní àfi kí ọ̀gá fún òun ní rìsíìtì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń wí mọ́. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé àgbébọ̀ adìyẹ wá. Bàbá Kí-Nìdí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú ìwé kékeré, ó ń béèrè tòótọ́tòótọ́ pé ta ni yóò máa fún adìyẹ lóúnjẹ ní ọjọ́ Àìkú.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi gun orí àga nítorí kò síbi ìtẹ̀sẹ̀ mọ́. Fóònù ń dún, àwọn onílé ìtura ń béèrè aṣọ wọn, kò sì rọ́nà dé ìdí fóònù. Inú bí i, ó ré táyà kọjá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì fi agbára fa ilẹ̀kùn rẹ̀ títí tó fi já bọ́. Bí kọ́bọ́ọ̀dù ṣe fọ́ nìyẹn, ọwọ́ ẹni tó ni ín ló fọ́ ọ.

“Gbogbo ohun tó bá jẹ́ tiyín, ẹ kó o kúrò níwájú mi.”

Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ìwé ìrìnnà ni wọ́n kọ́kọ́ kó, adìyẹ ló jáde kẹ́yìn, ó ti yé ẹyin kan sórí fáìlì. Bàbá ní kí wọ́n fi ẹyin náà sílẹ̀ fún ọ̀gá, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn àlejò kì í mọ oore.

Aláyọ́ọ̀nù rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ó bá ìyá rẹ̀ láàyè. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n jọ lò. Nígbà tó padà dé, ó wọ ẹgbẹ́, ibẹ̀ ló sì ti mọ ìyókù nípa bàbá náà.

Ó rí ọjọ́ tí wọ́n rán ọlọ́pàá kan wá tú ìpàdé ká. Bàbá gbé àga fún un, ó béèrè pé láti aago mélòó ló ti wà lórí ìdúró. Ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí lórí ìka. Nígbà tó ka ìka ọwọ́ méjèèjì tán, ó béèrè ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀.

Ìyàwó Bàbá nìkan ni ìbéèrè rẹ̀ kò rí mú. Bàbá tọ́ ọbẹ̀ wò lọ́jọ́ kan, ó béèrè kí nìdí tí iyọ̀ fi pọ̀. Ìyàwó ní, “Bàbá, kí nìdí tí ẹ kò fi sè é?” Láti ọjọ́ náà lọ, Bàbá ló ń se ọbẹ̀ ọjọ́ Sátidé, kò sì sí iyọ̀ nínú rẹ̀ rárá.

Bàbá kì í tẹ̀ lé aago. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì ń retí rẹ̀ níwájú ibi iṣẹ́ wọn nígbà kan, ó dúró lójú ọ̀nà bi agbálẹ̀ léèrè bí ìgbálẹ̀ ṣe ń ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Búrẹ́dì ti tutù kó tó dé, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ mọ́kànlá ló tẹ̀ lé e dé.

Nígbà tí àìsàn gbé e dè ní ilé ìwòsàn, Aláyọ́ọ̀nù lọ kí i. Ó bá a níbi tó ti ń wádìí lẹ́nu ẹni tó ń nu ilẹ̀ bóyá wọ́n ń jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí ìyẹn jáde, Aláyọ́ọ̀nù béèrè ohun tẹ́nikẹ́ni kò bi í rí láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, “Bàbá, ìyá tiyín ńkọ́?”

Bàbá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ aago tó lù. Ìwé ìrìnnà tiẹ̀ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá kan nígbà tó ń ṣe bíríkìlà. Ó ti pé oṣù méjì tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ kó tó gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló ní kí Aláyọ́ọ̀nù jókòó dáadáa, kó sọ bí ìyá tirẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tó wọlé tọ̀ ọ́. Ó fẹ́ mọ aṣọ tí ìyá náà fi bora. Ó fẹ́ mọ ẹ̀gbẹ́ tó fi dùbúlẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ, àti bóyá ó dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ kó tó rí ojú rẹ̀. Aláyọ́ọ̀nù ń sọ ọ́, ó dé ibi tí ìyá ti na ọwọ́ sí òun, ó sì yára kọjá kó má baà bú sẹ́kún. Bàbá ti di ojú. Aláyọ́ọ̀nù rò pé ó ti sùn, ó dìde jẹ́jẹ́, ó mú báàgì rẹ̀.

“Padà síbi tó ti nawọ́,” ni Bàbá wí. “O sáré jù níbẹ̀.”