Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Béèrè Ohun Tó Ń Dá Yíìsì Dúró

Kí ojú mi tó rí bàbá mi nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ yẹn l'Óǹdó ni mo ti gbóòórùn ẹmu. Adẹ́mu ni wọ́n n'Íjù. Orí ọ̀pẹ ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà tí wọ́n fi wọ mọ́tò tẹ̀lé àwa akẹ́kọ̀ọ́ wá. Àwọn ọmọ Oǹdó tó jókòó lẹ́yìn mi ń dimú, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ta ló gbé agbè wọlé?" Ohun tó wà lọ́kàn mi ju yẹ̀yẹ́ lọ.

Bàbá mi fẹ́ yọ mí kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Wọn kì í ṣe òǹrorò. Wọ́n ní ẹni tó bá ń lọ sóko yẹ kó lè sọ ohun tó fẹ́ gbìn, èmi ò sì tíì lè sọ fún wọn ohun tí sáyẹ́ǹsì wà fún. Tíṣà bàọ́lọ́jì wa ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá wò mí níbi ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Bàbá mi ní, "Bí ó bá yé mi, wàá máa bá a lọ. Bí kò bá yé mi, ọ̀dọ̀ aránṣọ ni o."

Èmi àgbà ọ̀jẹ̀, mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì: bí yíìsì, ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń mú búrẹ́dì wú, ṣe ń pín sí méjì, àti bí àwọn pùrótéènì inú rẹ̀ ṣe ń darí pípín náà. Mo tú u jáde bí òjò orí páànù. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ò pàtẹ́wọ́. Ńṣe ni wọ́n dìde, fìlà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ṣé yíìsì yìí náà ló ń mú ẹmu mi hó?"

"Òun ni, bàbá."

"Tó bá ń di méjì, tó ń di mẹ́rin, ta ló ń sọ fún un pé ó tó?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá àgbàlagbà kan nínú àwọn adájọ́ ní, "Ẹ dákẹ́ ńbẹ̀ yẹn! Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ọmọ, dá bàbá rẹ lóhùn lédè tí wọ́n gbọ́."

Gẹ̀ẹ́sì fò lọ lórí mi. Mo kọjú sí bàbá mi.

"Bàbá, pùrótéènì kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọkọ. Ìgbà gbogbo ló wà nílé, ṣùgbọ́n kò lè dá nǹkan kan ṣe. Òmíràn dà bí alárinà. Bí oúnjẹ bá wà, tí yíìsì sì ti tóbi tó, alárinà á dé, á mú ọkọ dìde, pípín á bẹ̀rẹ̀."

Bàbá mi gbà á lẹ́nu mi: "Bí ọkọ àti aya bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀ba."

"Ti inú yíìsì ò ríbi yẹ̀ sí, bàbá. Pípa ni wọ́n ń pa á, ọkọ á sì padà jókòó. Bí oúnjẹ bá tán, alárinà mìíràn ò ní wá."

"Bí wọn ò bá wá pa á ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ á dàrú. Bí irú rẹ̀ bá dàrú nínú ara èèyàn, ó lè di jẹjẹrẹ."

Bàbá mi mi orí pé ó yé àwọn, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n jókòó.

Àwọn ọmọ Oǹdó ló gba ipò kìíní. Bàbá mi ò tiẹ̀ gbọ́. Ní gáréèjì, wọ́n fà mí lọ sọ́dọ̀ awakọ̀ tí wọn ò rí rí: "Dírẹ́bà, ọmọ mi rè é. Òun ló kọ́ mi ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbè mi." Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ọjọ́ Ajé, ulé ùwé ni o." Ilé-ìwé ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ aránṣọ.

Mo ti dìyá ọmọ báyìí, l'Àkúrẹ́. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́. Àwọn kan a máa bi mí pé kí ni sáyẹ́ǹsì ọ̀hún fún mi. Ọ̀pọ̀ bàbá ló rán ọmọ wọn lọ sílé-ìwé. Bàbá tèmi gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu mi, wọ́n sì fi yangàn fún àlejò ní gbangba.