Ògiri Tí Wọ́n Kùn Ní Funfun

Ẹni tó bá fẹ́ pe iṣẹ́ ọwọ́ olóògbé ní ìdọ̀tí, kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń wò ó léèrè! Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ yìí. Akunlé lọkọ ẹ̀ kó tó kú, ọ̀dà tútù ò sì jọ ọ̀dà gbígbẹ. Kí ojú má baà ti bàbá nílé oníbàárà, gbogbo ọ̀dà tó bá pò ló kọ́kọ́ ń fi sára ògiri pálọ̀ tiẹ̀, á sì dúró kó gbẹ. Pupa níhìn-ín, búlúù lọ́hùn-ún, àwọ̀ eérú lẹ́bàá fèrèsé. Bí ògiri ṣe kún nìyẹn. Tí ìyá bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, á máa wò ó bí ẹni tó ń retí èrò ọ̀nà jíjìn.

Àfi bí ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣe gbé àwòrán gàgàrà kan wọlé, ó ní òun fẹ́ sọ pálọ̀ dọ̀tun.

"Kí lèyí jọ?"

"Kò jọ nǹkan kan, Mọ́mì. Àwòrán ìgbàlódé ni. Bó bá ṣe ṣe yín lọ́kàn ni kẹ́ ẹ ṣe wò ó."

Ìyá wo pupa, ó wo búlúù, gbogbo ẹ̀ rú mọ́ra wọn. "Àbí bàbá ẹ ló jí wá ṣe é?"

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Iṣẹ́ ọnà gidi lèyí, kì í ṣe ìdọ̀tí ọ̀dà Dádì. Ẹ jẹ́ ká kun ògiri yẹn ní funfun, kí àwòrán lè yọ."

"Ìdọ̀tí? Má fọwọ́ kàn án o!"

Lóòótọ́, kò fọwọ́ kàn án. Rólà ló fi kùn ún, nígbà tí ìyá lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó rò pé tí ìyá bá rí i tán, inú ẹ̀ á dùn. Irú èrò tó ń tú ilé ká nìyẹn!

Bí ìyá ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn ọ̀dà pàdé ẹ̀. Ayọ̀ gbé e lọ́kàn fìrì, bíi pé ọkọ ẹ̀ ti dé. Ó wá gbójú sókè. Funfun báláú.

Ó rẹ àkísà sómi, ó ń nu ògiri.

"Mọ́mì, ẹ̀ ń bà á jẹ́!"

"Ta ló bà á jẹ́?"

Búlúù kan yọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí bàbá pò fún iṣẹ́ tó ṣe gbẹ̀yìn. Ìyá tún nù ún. Ló bá rí i pé àkísà ti ń di búlúù. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Tó bá nù ún sí i, òun fúnra ẹ̀ lá nu ọkọ ẹ̀ dànù.

"Mọ́mì, kí ni kí n ṣe?"

"Pa fèrèsé dé. Kí òórùn yẹn má tíì lọ."