Bàbá Abẹ́rẹ́ Tó Ṣẹ́tí Iṣẹ́ Ọnà

Kò sẹ́ni tó mọ Bàbá Abẹ́rẹ́ tí ò mọ ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ. Àbígbẹ̀yìn ẹ̀, ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọnà, ló ń sọ ọ́ jù, ẹ̀rín kì í sì í jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Oṣù mẹ́ta gbáko lọmọ yìí fi ṣe aṣọ ńlá kan tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri gbọ̀ngàn àdúgbò. Ìpàtẹ náà dá lórí àwọn tó filé sílẹ̀ wá ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀, àti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wọ́n. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fa etí aṣọ ya, ó jẹ́ kí òwú rọ̀ dirodiro: òwú kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnì kan tí ò ráyè dágbére kó tó kúrò nílé. Bàbá ẹ̀ gan-an ló ń rò. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi ránṣọ nínú yàrá tí ò ní fèrèsé, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè rí pé ta ló rán an. Ohun tọ́mọ ń wá ò ju kí aráyé rí bàbá òun kó tó pẹ́ jù.

Bàbá ló ń to àga ní gbọ̀ngàn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wọlé laago méje, ó rí aṣọ, ó ní ọ̀ràn dé. Ṣé ọmọ tóun bí ló ṣe irú iṣẹ́ báyìí? Wọ́n á ní bí gbogbo wa ṣe ń ránṣọ nìyẹn. Ó yọ abẹ́rẹ́ lára fìlà, ó jókòó. Kó tó di aago mẹ́wàá, ó ti ṣẹ́tí ẹ̀ yíká pátá.

Nígbà tọ́mọ dé tó rí i, ilẹ̀ ló jókòó sí.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Àṣírí ẹ ni mo bò. Má wulẹ̀ dúpẹ́, ọmọ mi ṣáà ni ẹ́."

Ọmọ ṣàlàyé títí. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní ó yé òun, àwọn tọ́rọ̀ wọn ò tíì parí ni òwú yẹn, ṣùgbọ́n òun ò já òwú sílẹ̀ rí láyé òun. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹní ń ná ọjà. Ọmọ ní kó tú u pátá, bàbá ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, bàbá ní kó má fòun ṣẹlẹ́yà. Àlejò ti ń wọlé kí wọ́n tó fẹnu kò sí ìdajì. Ibi tí ìṣẹ́tí parí sí tí òwú ti bẹ̀rẹ̀ làwọn èèyàn dúró sí jù, bàbá sì ń sọ fún wọn pé èyí tó dáa nínú ẹ̀, òun ló rán an.

Látọjọ́ náà ló ti sọra ẹ̀ di olórí ìpàtẹ. Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan dúró tì í, ó ń káàánú ẹ̀, ó ní ìyà tó jẹ yín mà pọ̀ o. Bàbá ò gbọ́. Kóòtù ọrùn ìyá ló ń wò. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bọ́ ọ. Ó yí abíyá kóòtù náà síta, ó rí ojú ìránṣọ mẹ́ta tó sún mọ́ra, àmì tó máa ń fi sára iṣẹ́ ẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo rán eléyìí. Ṣé kò fún yín lábíyá?"

Ìyá ní ọdún kejìdínlógún tóun ti ń wọ̀ ọ́ nìyí, kò ya rí. Bàbá ní òun mọ̀. Ìyá di ọwọ́ ẹ̀ mú, kò tètè fi í sílẹ̀, àbígbẹ̀yìn sì sá wọ yàrá ẹ̀yìn lọ sunkún ayọ̀.

Ọdún tó kọjá ni bàbá sùn tí ò jí. Lọ́dún yìí, ọmọ fi gbogbo gbọ̀ngàn ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ bàbá. Kóòtù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí bàbá rán làwọn èèyàn fúnra wọn gbé wá. Alábòójútó gbọ̀ngàn ní kí ọmọ kọ orúkọ ara ẹ̀ síbẹ̀, nítorí ọmọ náà ló kó wọn jọ, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀.

Obìnrin kan ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí wọn ò pè. Ó béèrè pé ta ló ṣe gbogbo èyí.

"Bàbá mi ni," ọmọ dáhùn, gbogbo ilé gbọ́. "Télọ̀ ni."

Obìnrin náà rọra sọ pé télọ̀ lòun náà.

Ọmọ fà á lọ́wọ́. "Ẹ wọlé dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé yín lẹ wá."