Ẹ̀rọ Ló Ní Ẹ̀rọ Ló Kọ Ọ́

Olùkọ́ wa fún mi ní òdo nítorí pé àròkọ mi dára jù.

N kò ṣàwàdà. Ohun tó sọ níwájú gbogbo kíláàsì nìyí: "Ta ló lè kọ irú èyí nínú yín?" Ìbéèrè ńlá, lẹ́nu ẹni tó ń gbowó oṣù lórí pé òun ń kọ́ wa.

Lọ́sẹ̀ tí mo kọ àròkọ náà, gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka wa ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé a wà láyé. Èyí fẹ́ àròkọ lọ́jọ́ Ẹtì, tọ̀hún náà fẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àfi bí ẹni pé ọjọ́ mìíràn ti tán nínú kàlẹ́ńdà. Ti olùkọ́ tó fún mi ní òdo yìí ni mo mú ní pàtàkì jù. Bí n kò bá yege nínú rẹ̀, ó di ọdún kan sí i ní yunifásítì, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Ìkòròdú pé ọdún yìí ni mo máa parí.

Bí àwọn ẹlẹ́ja ṣe ń tajà ni kókó àròkọ. Mo wọkọ̀, a gba Àgbówà kọjá, ó di ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́. Ìyá kan tó ń họ ìpẹ́ ẹja gbójú sókè.

"Àǹtí wa, ẹ máa rà á dáadáa. Èwo ni kí n dì fún yín?"

"Rárá, mà. Mo kàn fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ni. Mo fẹ́ fi kọ̀wé."

"Ìwé? Ṣé ìwé lo máa sè jẹ lálẹ́ ni? Jókòó síbẹ̀ yẹn jàre, má dí mi lójú ọjà."

Mo jókòó. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe ń mọ oníbàárà gidi yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń fọwọ́ tẹ ẹja kiri. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òórùn ẹja sìn mí délé.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kò kọjá ibùdókọ̀ Agric ní Ìkòròdú níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá wa fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ níbẹ̀ ní àròkọ àwọn tó ti jáde nípamọ́. Orúkọ nìkan ló ń pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, á bu àṣìṣe díẹ̀ sí i, bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, kí olùkọ́ lè gbà pé ènìyàn ló kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn kọ̀wé.

"Ọ̀gá mi, jẹ́ kó bá ẹ ba tìẹ náà jẹ́ díẹ̀," lọ̀rẹ́ mi wí. "Ó ti mọ́ jù."

Mo ní, "Ṣé wọ́n ń da yanrìn sí gàrí kó tó jọ gàrí ni?"

Ọ̀rẹ́ mi yege. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, ó kọ ọ́ gedegbe sínú àròkọ rẹ̀ pé, "èmi gẹ́gẹ́ bí baba ọlọ́mọ." Olùkọ́ fún un ní máàkì tó jọjú.

Mo lọ bá olùkọ́ ní ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo lẹ rí nínú rẹ̀ tí kì í ṣe tèmi?"

"Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kà á ni? Mo fi sínú ẹ̀rọ tó ń yẹ iṣẹ́ wò bóyá ènìyàn ló kọ ọ́. Òun ló ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Àbí o fẹ́ bá ẹ̀rọ jiyàn?"

Ẹni tí kò fojú ara rẹ̀ ka iṣẹ́ mi ló ń bínú pé n kò fọwọ́ ara mi kọ ọ́! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka wa, òun náà ní kí n lọ fara balẹ̀.

Nítorí náà, sà, àti ẹ̀yin olórí ẹ̀ka tí ẹ ní kí n lọ fara balẹ̀, mo ń bi yín: ta ló ka àròkọ mi? Kí ni ẹ̀rọ yín rí níbẹ̀ tí ẹ̀yin kò lè fìka tọ́ka sí? Ta ni yóò lọ sọ fún bàbá mi pé ó ku ọdún kan, ẹ̀yin ni àbí ẹ̀rọ? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ fẹnu ara yín dá mi lóhùn.