Kọ́kọ́rọ́ Abẹ́ Ìrọ̀rí

Lọ́dún tí ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ṣiṣẹ́ mọ́, Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni mo ti ń kọ́ni. Bí a bá ti jáde níléèwé, bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde láti wá tọ́jú Bàámi, nítorí ìyá mi ti kú, àwọn àbúrò mi sì ti fọ́n ká. Kí n tó dé, ẹsẹ̀ mi á ti wú sínú bàtà. Ó rẹ̀ mí lọ́dún náà débi pé mo lè sùn lórí ìdúró.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi. Dókítà ní kí wọ́n máa fi ìka ọ̀tún ṣe nǹkan lójoojúmọ́, pé bí ìka náà bá jókòó lásán báyìí, kò ní jí mọ́. Bàbá mi, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀ṣì tì, torí pé wọn kò fẹ́ fi ọwọ́ òsì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní kí n sọ pé àwọn ń sùn.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́. Pátákó bọ́tìnnì dúdú kan ni, a ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni eré wà. Ó kọ̀wé pé bí Bàámi bá ń tẹ àwọn bọ́tìnnì náà, ìka wọn á máa nà. Ó rọrùn láti kọ sínú lẹ́tà. Òun kọ́ ló máa jókòó ti kásẹ́ẹ̀tì tó ń ké bí ewúrẹ́ tí okùn há lọ́rùn kí eré tó yọjú.

Jagunjagun ni wá nínú eré náà. Ọba ìlú kan ní kí a lọ gba òkúta kan tí àwọn iwin jí gbé wọ igbó. Èdè Òyìnbó ni gbogbo rẹ̀. A ó tẹ ohun tí a bá fẹ́ ṣe, ẹ̀rọ á fún wa lésì. Ṣùgbọ́n ẹnubodè ìlú wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí arúgbó kan tó ń sùn nínú ilé àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ọmọdé ni: kí a mú kọ́kọ́rọ́, kí a ṣí ẹnubodè, kí a máa lọ.

Bàbá mi ní a kò ní mú un.

"Ta ló fún jagunjagun yìí láṣẹ? Ó kàn wọ ilé àgbàlagbà, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí wọn?"

"Bàámi, bí wọ́n ṣe ṣe eré náà nìyẹn."

"Kí wọn ná."

Mo kí arúgbó náà. Ẹ̀rọ ní bàbá ń sùn. Bàbá mi ní kí n jí wọn. Bàbá ń sùn. Wọ́n ní kí n dúró dè wọ́n. Mo dúró. Bàbá ń sùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń lọ dúró lẹ́bàá ibùsùn ẹni tí kò ní jí láéláé. Èyí tó dùn mí jù ni pé èmi ni mo ń tẹ bọ́tìnnì. Bí mo bá ní, "Bàámi, ẹ fi ìka yín tẹ ẹyọ kan péré," wọ́n á ní, "Tíṣà, ìwọ lo yára jù." Bí mo bá tẹnu mọ́ ọn, wọ́n á ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò fẹ́ rí wọn sójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, bọ́ọ̀sì bàjẹ́ sójú ọ̀nà, a sì fẹsẹ̀ rìn jìnnà nínú oòrùn, èmi àti ẹrù ìwé àwọn ọmọ tí mo fẹ́ máàkì. Nígbà tí mo dé, bàbá mi ti sùn lọ lórí àga. Mo so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo wọ ilé arúgbó yẹn, mo mú kọ́kọ́rọ́. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, ẹnubodè ti ṣí, igbó sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú odò kan láàárín rẹ̀. Ó tù mí lára, mi ò ní purọ́.

Mo jí wọn. "Bàámi, a ti kọjá!"

Wọ́n wo igbó náà pẹ́. "Bàbá yẹn jí?"

"Rárá, sà."

"Dá a padà."

Mo pariwo mọ́ bàbá tó bí mi. Mo ní kò sí bàbá kankan níbẹ̀, iná tẹlifíṣọ̀n lásán ni. Mo ní èyí tó wà láàyè tí kò fẹ́ gbọ́ràn ti tó mi í tọ́jú. Mo wọ kíṣìnì lọ, mo gbé omi ẹ̀bà kaná.

Omi ti ń hó nígbà tí mo gbọ́ ìró bọ́tìnnì kan. Ó dákẹ́ pẹ́, mo tún gbọ́ òmíràn. Mo yọjú.

Wọ́n ti tẹ̀ síwájú lórí àga, òógùn bo iwájú orí wọn. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, wọ́n gbé e lékè bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ìka ọ̀tún ló ń tẹ̀. Mo rí i tó ká, tó nà, tó tún ká. Lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n gba ẹnubodè padà, wọ́n wọ ilé arúgbó náà. Ó gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. N kò lè wọlé, n kò sì lè padà sí kíṣìnì.

"Bàámi, ọ̀tún lẹ fi ń tẹ̀ ẹ́."

Wọn kò wẹ̀yìn. "Ṣé ọwọ́ òsì ni n ó fi dá nǹkan àgbàlagbà padà ni?"

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fi òróró pa ọwọ́ yẹn, tí mo ń gbàdúrà sí i. Olè tí mo jà ló wá jí ọwọ́ náà lójú oorun. Inú mi dùn, ojú sì tì mí, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ sunkún fún.

Bàbá mi sún sẹ́yìn. "Wá bẹ̀ wọ́n. Ìwọ lo mú un."

Ó ti rẹ̀ mí kọjá kí n jiyàn. Mo kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo sì tẹ̀ ẹ́ lédè Òyìnbó pé: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ náà dáhùn pé òun kò mọ ọ̀rọ̀ yìí.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni bàbá mi wí.