Ọdún tí Ìràwọ̀ Onírù Yọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú yín tí ó lè sọ fún mi, láì ṣí ìwé kankan wò, ọdún tí a bí ìyá tó bí bàbá rẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ ó dákẹ́. Ẹ̀yin dákẹ́ nítorí pé ẹ kò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọjọ́ orí mi kò ju ọdún méjìlá lọ, Missouri City ni a ń gbé, ní ẹ̀bá Houston níhìn-ín. Bàbá mi a máa wa mọ́tò lọ sí ilé ìfọpo ní Baytown kí ilẹ̀ tó mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi. Nígbà tí a bí àbúrò mi ọkùnrin, bàbá mi ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Èkìtì pé kí wọ́n wá bá wa tọ́ ọmọ tuntun. Bí Màmá ṣe dé nìyẹn. Yorùbá tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu mi, tí ó ń yà yín lẹ́nu pé ẹni tó dàgbà sí America ló ń sọ ọ́, ẹnu Màmá ni mo ti gbà á. Mo fi ń yangàn, n kò sì tọrọ àforíjì.

Kí Màmá tó rí ìwé ìrìnnà gbà, ó di dandan kí a kọ ọdún tí a bí wọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ sí kóòtù nílé, ó fojú díwọ̀n ọdún, ó sì búra lé e. Màmá ní àbúrò obìnrin kan, ọmọ ìyá wọn, tí ó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ tirẹ̀ ní Spring, ìlú mìíràn lẹ́bàá Houston. Ìyá Spring ni a ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ tiwọn náà ti fojú díwọ̀n kí wọ́n tó wá. Ìdíwọ̀n méjèèjì kò bára mu. Nígbà tí a gbé ìwé ìrìnnà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àbúrò ti fi ọdún mẹ́rin ju ẹ̀gbọ́n lọ.

Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ fi í rín. Ìyá Spring a máa tẹ̀ wá láago ní àràárọ̀ pé, “Àbúrò mi, ṣé o jí ire? N kò tíì rí ọ kí o wá kúnlẹ̀ kí mi o.” Màmá a sì fèsì pé ẹni tí àwọn pọ̀n, tí ó tọ̀ sí àwọn lẹ́yìn, kò lè gba inú ìwé jáde wá di ẹ̀gbọ́n àwọn.

Ọ̀rọ̀ náà di egbò nígbà tí ó kan ìjọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tí ìyá tó dàgbà jù lọ máa ń gbé àwọn ọmọ tí a bí lọ́dún náà lọ síwájú pẹpẹ, tí yóò sì gbàdúrà lé wọn lórí. Àbúrò mi wà lára wọn. Màmá ti ń wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé láti ọsibítù, wọ́n sì ti ń kọ́ àdúrà ọjọ́ náà sẹ́nu. Ni àwọn aṣáájú bá kéde pé ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé ni àwọn yóò tẹ̀ lé.

Màmá pè mí sí kíṣìnì. Wọ́n ní, “Ìwọ tí o mọ ìwé, bá mi wá ọdún mi.” Ìyá wọn ti sọ fún wọn pé ní ọ̀sẹ̀ tí a bí wọn, ìràwọ̀ onírù kan dúró lókè oko, tí gbogbo ìlú ń wí pé ayé ti fẹ́ parẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Ní àsìkò kan náà, tíṣà ìtàn wa ní kí olúkúlùkù mú ọdún kan péré nínú ayé àtijọ́, kí ó sì fi hàn lórí káàdìbọ́ọ̀dù ńlá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ ọba kọ̀ọ̀kan lọ́dún náà. Ìwé ìròyìn kún fún ìràwọ̀ onírù kan tí ó tún ń padà bọ̀, mo sì mú ọdún kan tí ó ti yọ rí, ọdún méjìlá ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ní Róòmù, ẹni tí í ṣe ọwọ́ ọ̀tún ọba kú, wọ́n sì ní ìràwọ̀ tó so rọ̀ sókè ìlú ló ti sọ tẹ́lẹ̀. Ní Ṣáínà, àwọn tí ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún ọba tọ ìràwọ̀ náà lẹ́yìn fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọjọ́, wọ́n ń kọ ibi tó dé sílẹ̀. Ní Méróè lẹ́bàá odò Náílì, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ayaba wọn olójú kan ti bá Róòmù jà wà ní àlàáfíà. N kò rí ọ̀rọ̀ tiwọn nípa ìràwọ̀ náà, mo sì fi àyè wọn sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Kò sí ẹnì kan láyé lọ́dún náà tó mọ nọ́ńbà tí àwa fi ń pè é. Orúkọ àwọn ìjòyè méjì tó ń ṣàkóso ni ará Róòmù fi ń pe ọdún. Orúkọ tí ọba sọ ìgbà rẹ̀ ni ará Ṣáínà fi ń pè é, gẹ́gẹ́ bí Màmá ti máa ń wí pé ọdún tí eéṣú jẹ oko, ọdún tí ọba báyìí wàjà. Ìràwọ̀ tí wọ́n jọ rí ló fi yé mi pé ọdún kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ní ìparí ìwé tí mo ń kà ní ilé ìkàwé, wọ́n to gbogbo ọdún tí ìràwọ̀ náà ti yọ sílẹ̀. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ wá sísàlẹ̀ títí mo fi kan 1910, ìgbà tó yọ kẹ́yìn. Màmá kì í ṣe ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin tí ìwé wọn wí. Márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo ká a sínú Bíbélì mi. Iṣẹ́ ilé ìwé ló jẹ mí lógún jù; mo sọ fún Màmá pé mo ti fẹ́ẹ̀ rí i, pé kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ ilé ìwé mi. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi súre fún mi.

Ọjọ́ náà pé. Lẹ́yìn ìsìn àárọ̀, akọ̀wé ìjọ dìde láti pe ìyá tó dàgbà jù lọ. Ìyá Spring fúnra wọn sọ pé ẹ̀gbọ́n àwọn ni Màmá. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá méjì mìíràn lọ́dún tó kọjá. Màmá dìde.

“Ẹ ní sùúrù. Ọmọ ọmọ mi ti lọ yẹ ìwé wò. Òun ni yóò sọ ọdún mi fún yín.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Àárín àwọn ẹgbẹ́ mi tí a bí síhìn-ín ni mo jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ní, “Ṣé grandma ẹ tún fẹ́ sọ story ìràwọ̀ yẹn ni?” Àwọn yòókù sì bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Bíbélì wà lọ́wọ́ mi, bébà sì wà nínú rẹ̀.

Mo ní, “Mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá.”

Màmá ní, “Kò burú. Jókòó.”

Ìyá Spring ló gbé àbúrò mi lọ síwájú pẹpẹ. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jáwọ́ nínú àwàdà orí fóònù; “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi” ni wọ́n ń wí. Màmá a dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti tán nínú rẹ̀.

Káàdìbọ́ọ̀dù mi gba ipò kìíní. Nígbà tí mo gbé e délé, Màmá ń ká aṣọ ọmọ. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn, mo sì ṣàlàyé Róòmù àti Ṣáínà, àti ọwọ́ ọ̀tún ọba tó kú.

“O mọ ọdún tí eléyìí kú?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n mi orí, wọ́n sì ń ká aṣọ wọn lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́. Lónìí, wọn kì í gbé ọmọ kúrò ní ọsibítù láì kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú tó wáyé sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ ọdún méjìlá kan kí ó tó di ẹ̀gbọ́n àbúrò rẹ̀. Mo yọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n mo ti fi ogún ọdún kọ́ni ní ìtàn, kò sì sí ìgbà tí mo kọ ọdún sí pátákó tí n kò rántí bébà inú Bíbélì mi.

Màmá padà sílé nígbà tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà ni wọ́n kú. Nígbà tí mo tó sọ ọdún náà fún bàbá mi, wọ́n ti sin Màmá, símẹ́ńtì ojú oórì sì ti gbẹ. Ọdún tó wà nínú ìwé ìrìnnà ni wọ́n gbẹ́ sí i.